Ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ láti Texas sí Lọ́kọ́jà: ọ̀dọ̀ ta ni n ó ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ìwé wo ni kí n sì gbà kí n tó sanwó?

Ará_Gwarinpa kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọkọ̀ ojú omi kan wà ní Texas tí mo fẹ́ rà. Fáíbà ni, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 17, ọdún 2016 ni wọ́n ṣe é, ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn tó wà lára rẹ̀ sì jẹ́ agbára ẹṣin 90. Tírélà kékeré tí wọ́n fi ń fà á wà pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbafẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ni mo fẹ́ fi ṣe pẹ̀lú ìdílé mi, kì í ṣe èrò ni mo fẹ́ fi gbé. Lọ́kọ́jà ni yóò máa wà. Bó bá ṣeé ṣe, a ó máa gbé e wá sí adágún Jabi níbí nígbà míì, a sì lè gbé e dé Kainji lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Àkọ́kọ́, ọ̀dọ̀ ta ni ìforúkọsílẹ̀ wà: NIWA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó omi inú ilẹ̀) ni, ìjọba ìpínlẹ̀ Kogi ni, àbí Àbújá níbi tí mò ń gbé? Ajẹ́ńtì kan ní ìwé Èkó ti tó, nítorí Èkó ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀. Òmíràn ní ọkọ̀ tí kò bá ti gbé èrò kò nílò ìwé kankan. Èkejì, nọ́ńbà TX, ìyẹn nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ Texas tó wà lára rẹ̀ ńkọ́, ṣé mo lè máa lò ó títí ọjọ́ rẹ̀ yóò fi pé? Ẹ̀kẹta, kí ni kí n gbà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé mi dáadáa.

Ọmọ_Odò_Ọya kọ:

Ẹ káàbọ̀, Ará_Gwarinpa. Omi tí ọkọ̀ yóò máa wà lórí rẹ̀ ló ń sọ ẹni tí yóò forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ilé ẹni tó ni ín kọ́, èbúté tó ti sọ̀ kalẹ̀ sì kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Amẹ́ríkà: ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń lo ọkọ̀ jù lọ ló ń fún un ní nọ́ńbà, ì báà jẹ́ pé ìpínlẹ̀ mìíràn ni ẹni tó ni ín ń gbé.

Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀. NIWA ló ń bójú tó wọn. Òfin ọdún 1997 ló dá a sílẹ̀, òfin yẹn náà ló sì fún un láṣẹ láti máa fúnni ní láísẹ́ǹsì ìrìnnà lórí omi inú ilẹ̀, kí ó sì máa yẹ àwọn ọkọ̀ tó ń rìn lórí rẹ̀ wò. Láti ọdún 2023, abẹ́ ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọrọ̀ ajé orí omi ni ó wà. Ibi tó dùn mọ́ yín nínú níbẹ̀ ni pé olú ilé iṣẹ́ NIWA kò sí ní Àbújá, kò sì sí l'Ékòó. Lọ́kọ́jà gan-an ló wà, níbi tí odò méjèèjì ti pàdé. Ìlú tí ọkọ̀ yín yóò máa gbé náà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ajẹ́ńtì àkọ́kọ́: ó ti pẹ́ tí NIWA àti ìjọba Èkó ti ń fa ọ̀rọ̀ omi Èkó mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù January ọdún 2024, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ dá a pé NIWA ló láṣẹ lórí omi inú ilẹ̀ tí òfin àpapọ̀ kà sí ojú ọ̀nà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹjọ́ yẹn ò bá tilẹ̀ wáyé rárá, kí ni ìwé Èkó fẹ́ wá ṣe lórí omi Lọ́kọ́jà? Ẹ má san owó yẹn. NIMASA náà, àjọ ìjọba àpapọ̀ mìíràn, ọkọ̀ òkun ni tiwọn. Bí ẹ kò bá ní gbé e wọ inú òkun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó NIMASA lọ́wọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ ajẹ́ńtì kejì, irọ́ ni. Ìlànà ìrìnnà omi inú ilẹ̀ tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2023 kò yọ ọkọ̀ ìgbafẹ́ sílẹ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹ̀ka tí wọ́n yóò kọ ọ́ sí. Nínú lẹ́tà yín, ẹ kọ ọ́ gbangba pé «fún ìgbafẹ́ ara ẹni, kì í ṣe fún owó». Bí ẹ bá wá gba kọ́bọ̀ kan lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ yín kan fún epo lọ́jọ́ kan, tí nǹkan sì ṣẹlẹ̀, gbólóhùn yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ fi bi yín léèrè.

Adágún Jabi kì í ṣe odò, dáàmù ni wọ́n fi sé omi rẹ̀ mọ́ àárín ìlú. Ìwé NIWA kì í ṣe tíkẹ́ẹ̀tì ìwọlé síbẹ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń ṣàkóso etí omi náà ni ẹ ó ti gba àṣẹ, ní kíkọ: ibi tí ẹ ó ti sọ ọkọ̀ sínú omi, aago tí ẹ lè wà níbẹ̀, àti bí eré yín ṣe gbọ́dọ̀ mọ. Ẹ wọn ibi ìsọ̀kalẹ̀ náà kí ẹ tó wọ́ ọkọ̀ débẹ̀, nítorí etí omi tó gba ọkọ̀ alájẹ̀ lè má gba tírélà. Ti dáàmù Usuma ìsàlẹ̀, ẹ gbàgbé rẹ̀. Omi tí Àbújá ń mu ni, ẹ́ńjìnnì epo kò ní nǹkan ṣe níbẹ̀.

Kainji wà lórí Odò Ọya, nítorí náà ọ̀dọ̀ NIWA náà ni. Ẹ jìnnà sí ara dáàmù àti ibi tí omi ti ń tú jáde. Ìwé yòówù kó wà lọ́wọ́ yín, ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìgbafẹ́.

Alákọsílẹ̀_Kúbwà kọ:

Ẹ̀gbọ́n Ọmọ_Odò_Ọya ti sọ ti ìhà ibí. Ẹ jẹ́ kí n mú ti Texas, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dá ara wọn lóró. Bí ìwé bá ti ibẹ̀ wọ́, kò sí ọ́fíìsì kan ní Lọ́kọ́jà tó lè bá yín nà án.

Ohun mẹ́ta lẹ ń rà, kì í ṣe ẹyọ kan: ara ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì, àti tírélà. Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà. Ní Texas, ilé iṣẹ́ Texas Parks and Wildlife ló ń forúkọ ọkọ̀ omi sílẹ̀, wọ́n sì ń fún ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ní táítù tirẹ̀, lọ́tọ̀ sí ti ọkọ̀. Táítù yìí ni ìwé tó ń fi hàn pé lágbájá ló ni ohun náà. Bí ẹni tó ń tà á bá mú táítù ọkọ̀ wá, tó ní ti ẹ́ńjìnnì «wà nínú rẹ̀», kò sí nínú rẹ̀. Ẹ gba méjèèjì. Tírélà ní nọ́ńbà àti ìwé tirẹ̀, bíi ti mọ́tò ni.

Ẹ wo iwájú táítù bóyá orúkọ báńkì wà níbẹ̀. Bó bá wà, wọ́n yá owó lé ọkọ̀ náà lórí nìyẹn. Ẹ béèrè ìwé tí báńkì fi sọ pé gbèsè ti tán. Ẹnu ẹni tó ń tà á kò tó.

Ẹ wá ka nọ́ńbà ara ọkọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní HIN, fúnra yín, tàbí kí ẹ ní kí ẹni tẹ́ ẹ fọkàn tán yà á sí fọ́tò. Ìdí ọkọ̀ ló wà, ní ọwọ́ ọ̀tún bí ẹ bá kọjú síwájú, lápá òkè. Lẹ́tà àti nọ́ńbà 12 ni. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: ABC12345C616. Lẹ́tà 3 àkọ́kọ́ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tó ṣe é, 5 tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ọkọ̀ yẹn gan-an, C ni oṣù (A ni January, L ni December, nítorí náà C jẹ́ March), 6 ni nọ́ńbà tó kẹ́yìn ọdún tí wọ́n ṣe é, 16 sì ni ọdún tí wọ́n kà á sí ní ọjà. Bí wọ́n bá ní ọkọ̀ 2016 ni, tí nọ́ńbà tó parí HIN kò sì jẹ́ 16, ẹ bi wọ́n léèrè. Láti oṣù August ọdún 1984 ni wọ́n ti ń fi HIN kejì pamọ́ sí ibòmíràn lára ọkọ̀. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá họ ti ìta, ti inú ṣì wà níbẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti họ, tí wọ́n ti kùn, tàbí tí wọ́n fi rífẹ́ẹ̀tì tuntun kan irin pélébé mọ́, ẹ má rà á.

Nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára irin tí wọ́n fi so ó mọ́ ìdí ọkọ̀. Ẹ ya òun náà.

Nọ́ńbà TX kì í bá ọkọ̀ lọ sílẹ̀ òkèèrè. Òfin àpapọ̀ Amẹ́ríkà sọ pé ìwé nọ́ńbà yẹn kú lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó sì tún kú bí wọn kò bá lò ó ní ìpínlẹ̀ yẹn gẹ́gẹ́ bí ibùdó rẹ̀ mọ́. Ọdún tó kù lórí sítíkà kò já mọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ 15 ni ẹni tó tà á ní láti fi ròyìn fún ìpínlẹ̀ pé òun ti tà á. Ẹ ní kó ṣe é, kó sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Ẹ má jù ú nù o. Ẹ tọ́jú ìwé ìforúkọsílẹ̀ Texas pẹ̀lú àwọn yòókù, nítorí òun ló so orúkọ ẹni tó tà á mọ́ HIN.

Bí iye ọkọ̀ bá ju dọ́là 2,500 lọ, ẹni tó ń kó o ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi ọjà náà sí àkọsílẹ̀ ìkójà jáde ti Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń pè ní EEI. Ẹ béèrè nọ́ńbà tí wọ́n bá fún un.

Báwo ni fífẹ̀ ọkọ̀ náà ti tó? Mo ń béèrè nítorí kọ̀nténà.

Ará_Gwarinpa kọ:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 6. Mo ti rí fọ́tò HIN, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń dà mí láàmú: nínú ìwé ẹ̀rí títà tí wọ́n fi ránṣẹ́, lẹ́tà O wà láàárín nọ́ńbà 5 yẹn. Nínú fọ́tò, ó jọ òdo. Ẹni tó ń tà á ní kò sí wàhálà, ohun kan náà ni.

Alákọsílẹ̀_Kúbwà kọ:

Kì í ṣe ohun kan náà. Láàárín 5 yẹn, wọn kì í lo lẹ́tà I, O tàbí Q, nítorí kí ó má baà rú èèyàn lójú. Òdo ni, ẹni tó tẹ ìwé ẹ̀rí títà ló ṣì í. Ẹ ní kó tẹ òmíràn báyìí, kó sì fọwọ́ sí i tuntun. Ẹ má jẹ́ kó fi bírò gé O kó wá kọ òdo lé e. Ẹ tún yẹ táítù wò. Bí àṣìṣe náà bá wà nínú táítù pẹ̀lú, Texas Parks and Wildlife nìkan ló lè tún un ṣe, ẹni tó ni ín níbẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ béèrè. Bí owó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, kò ní sáré ṣe é mọ́. Nítorí náà, ìwé kọ́kọ́, owó tẹ̀ lé e.

Ọ̀nà kan wà tó dára ju fọ́tò lọ: kí wọ́n fi pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo HIN, kí wọ́n fi pẹ́ńsùlù ra á títí nọ́ńbà yóò fi jáde lórí pépà. Irú èyí kì í purọ́, iná kámẹ́rà kì í sì í ba á jẹ́.

Ti kọ̀nténà: ẹsẹ̀ bàtà 7 àti íǹṣì 6 jẹ́ mítà 2.29. Ẹnu ilẹ̀kùn kọ̀nténà kò ju nǹkan bíi mítà 2.34 lọ. Gbogbo ààyè tó kù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, ìyẹn 2 àbọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n tún un wọ̀n, kí wọ́n ka rọ́bà tó yí etí ọkọ̀ ká mọ́ ọn, nítorí ìwé ilé iṣẹ́ lè má kà á. Ọkọ̀ yóò wọlé, tírélà ló ṣòro: táyà àti irin tó bò wọ́n sábà máa ń yọ síta ju ara ọkọ̀ lọ. Wọ́n lè ní láti tú irin ìbòrí táyà, kí wọ́n sì yọ ọ̀pá táyà kúrò, kí ọkọ̀ jókòó sórí igi nínú kọ̀nténà. Bí ẹ bá ń ra èyí tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 8 àti íǹṣì 6 lọ́jọ́ iwájú, mítà 2.59 nìyẹn, kò lè wọlé ní ìjókòó. À fi kí wọ́n dà á ní ẹ̀gbẹ́ tàbí kí wọ́n gbé e sórí pẹpẹ tí kò lógiri, owó rẹ̀ sì yàtọ̀.

Kí wọ́n fa epo tán nínú táǹkì, kí wọ́n yọ okùn bátìrì.

Ajẹ́ńtì_Tó_Mọ̀wé kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n fi ti kọ́sítọ́ọ̀mù kún un, nítorí òun ni afárá láàárín Texas àti Lọ́kọ́jà.

Orí 89 ìwé owó ibodè ni ọkọ̀ omi wà, àkọlé 8903 sì ni ti ọkọ̀ ìgbafẹ́ àti eré ìdárayá. Ẹ́ńjìnnì tó bá wà lára ọkọ̀ ń bá ọkọ̀ wọlé. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀, tí wọ́n dì í sínú pákó lọ́tọ̀, wọ́n lè kà á sí 8407.21, ìyẹn ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lára rẹ̀ bó bá ṣeé ṣe.

Báńkì ni wọ́n ti ń ṣí Fọ́ọ̀mù M (fọ́ọ̀mù ọjà tí ẹ fẹ́ kó wọlé), lẹ́yìn náà ni PAAR (ìwé tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń ṣírò owó ọjà kí ó tó dé) yóò jáde, lẹ́yìn náà ni ìwé ìkéde ọjà tí wọ́n ń pè ní SGD. Níbí ni ìṣòro tó pọ̀ jù ti ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ọkọ̀ sínú kọ̀nténà ẹlòmíràn, pẹ̀lú fíríìjì àti táyà àlòkù. Orúkọ ẹlẹ́rù yẹn ló ń wà lórí SGD, tí wọ́n á sì kọ «ẹrù ilé» síbẹ̀. Ọkọ̀ yóò jáde ní èbúté, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kò sí ìwé kankan tó fi hàn pé ọkọ̀ omi kan wọ Nàìjíríà ní orúkọ yín, tí HIN rẹ̀ jẹ́ báyìí báyìí. Kí wá ni ẹ ó fi hàn wọ́n?

Nítorí náà, orúkọ yín ni kó wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ṣe wà nínú ìwé ẹ̀rí títà. Bí ó bá jẹ́ «Adébáyọ̀ S.» níbí, tó sì jẹ́ «Sulaimon Adébáyọ̀» lọ́hùn-ún, ẹ ó lọ ilé-ẹjọ́ fún ìwé ìbúra. Kí HIN àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú àpèjúwe ọjà, kì í ṣe «1 bóòtù, àlòkù» lásán. Kí ajẹ́ńtì fún yín ní ẹ̀dà SGD, PAAR, rìsíìtì owó ibodè, ìwé ẹrù ọkọ̀ òkun, àti ìwé ìjáde. Ajẹ́ńtì tó bá ní «ẹ fọkàn balẹ̀, ìwé wà lọ́wọ́ wa» fẹ́ kí ẹ máa padà wá bá òun ni.

Ayẹ̀kọ̀wò_Lọ́kọ́jà kọ:

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ìwé tó. Ṣùgbọ́n ìwé nìkan kọ́ ni wọ́n ń forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, ọkọ̀ ni. Ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò yóò fọwọ́ kàn án.

Ẹ kó èyí sínú fáìlì kan kí ẹ tó lọ: lẹ́tà ìbéèrè, káàdì ìdánimọ̀, táítù méjèèjì, ìwé ẹ̀rí títà, gbogbo ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, fọ́tò ọkọ̀ láti iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, fọ́tò HIN àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì, pépà kan tí ẹ kọ gígùn, fífẹ̀, ohun tí wọ́n fi ṣe é, agbára ẹ́ńjìnnì, iye èèyàn tó ń gbà àti ibi tí yóò máa wà sí. Ẹ ṣe ẹ̀dà mẹ́ta. Ẹ mú ojúlówó dání, ẹ má fi sílẹ̀. Ẹ béèrè iye owó ní kíkọ, kí ẹ sì sanwó ní báńkì sí àpò ìjọba. Àkáǹtì tó bá ń jẹ́ orúkọ èèyàn, ẹ má fi kọ́bọ̀ sí i.

Iye èèyàn: ẹ má méfò. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà 20 máa ń ní irin tàbí sítíkà kan nítòsí àga awakọ̀, tó sọ iye èèyàn, ìwọ̀n ẹrù àti agbára ẹ́ńjìnnì tó pọ̀ jù. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kọ. Bí ẹ́ńjìnnì 90 bá ju ohun tó wà níbẹ̀ lọ, ẹ mọ̀ pé ẹnì kan ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì. Ẹ yẹ ìyẹn wò ní Texas, kó tó di ọ̀rọ̀ Lọ́kọ́jà.

Ìdí ọkọ̀ ni mo máa ń ní kí àwọn èèyàn fara balẹ̀ wò jù. Ẹ́ńjìnnì 90 wúwo tó kílò 160 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo rẹ̀ ló sì rọ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ fáíbà, pákó ló wà láàárín ìdí yẹn. Bí omi bá ti ojú ihò bóótì wọ inú pákó, yóò jẹrà, fáíbà ìta yóò sì máa dán gbinrin bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Ẹ fi ẹ̀yìn síkúrú-díráfà kan án káàkiri: ibi tó bá dún gbọngbọn dára, ibi tó bá dún bí ẹni gbá ìrọ̀rí ti bàjẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ di ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì mú, ẹ mì ín sókè sódò. Bí ìdí ọkọ̀ bá ń tẹ̀, tàbí tí ẹ rí ìlà sísán ní igun, ẹ má rà á. Àtúnṣe rẹ̀ ju owó ọkọ̀ lọ nígbà míì.

Páìpù epo: rọ́bà rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní A1-15 tàbí B1-15 lára. Ẹ tẹ̀ ẹ́. Bó bá ń sán, ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń fa epo. Iná: pupa lọ́wọ́ òsì, àwọ̀ ewé lọ́wọ́ ọ̀tún, funfun lẹ́yìn. Ìdáná ọkọ̀ yẹ kó ní okùn tí awakọ̀ ń so mọ́ ara, tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí ó bá já bọ́ sómi. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àlòkù ni okùn yìí ti sọnù lára wọn, kò sì wọ́n. Agolo apaná tí a kì í tún rọ, ọdún tí wọ́n ṣe é wà ní ìdí rẹ̀. Bó bá ti ju ọdún 12 lọ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, tó wà ní ìwọ̀n ara rẹ̀. Ti àgbàlagbà kì í ṣe fún ọmọ ọdún mẹ́fà: yóò yọ lọ́rùn rẹ̀ ni. Ẹ ka àkọlé inú rẹ̀. Ti àgbàlagbà tó dára kò gbọdọ̀ dín ní agbára ìléfòó 15.5 pọ́ùn. Àwọn kan wà ní ọjà tó jẹ́ fóòmù ìrọ̀rí ni wọ́n rán sínú aṣọ olómi-ọsàn. Ẹ so òkúta kílò 5 mọ́ ọn, ẹ jù ú sínú agbada omi fún wákàtí kan. Bó bá rì, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́.

Nọ́ńbà TX, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó wá. Ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun yọ́ ọ díẹ̀, ẹ fi ike pẹlẹbẹ gé e, ẹ má lo ọ̀bẹ. Òjìji nọ́ńbà yóò ṣì hàn, nítorí oòrùn ti pa àwọ̀ àyíká rẹ̀ dà. Ẹ fi ìpara tí wọ́n fi ń dán mọ́tò fọ̀ ọ́. Àyè yẹn ni ẹ ó kọ nọ́ńbà tí NIWA bá fún yín sí. Ẹ béèrè ìwọ̀n lẹ́tà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìlànà Amẹ́ríkà jẹ́ amọ̀nà tó dára: lẹ́tà gbọọrọ tó ga tó íǹṣì 3, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì iwájú ọkọ̀, àwọ̀ tó yàtọ̀ pátápátá sí ti ara ọkọ̀. HIN, ẹ má fọwọ́ kàn án láéláé.

Ohun kan tí wọ́n ń gbàgbé: ìwé ọkọ̀ kì í ṣe ìwé awakọ̀. Ẹ béèrè èyí náà lọ́jọ́ kan náà.

Bọ̀ọ̀dá_Nyanya kọ:

Gbogbo ọkọ̀ àwọn apẹja tó wà ní etí odò Lọ́kọ́jà, mélòó ló ní nọ́ńbà lára? Ẹ ń da ara yín láàmú ni. Ẹ gbé ọkọ̀ yín sómi, ẹ jayé.

Ọmọ_Odò_Ọya kọ:

Bọ̀ọ̀dá, ọkọ̀ apẹja tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà bàbá bàbá rẹ̀, gbogbo èèyàn etí odò ló mọ ẹni tó ni ín. Ọkọ̀ fáíbà funfun tó ti Àbújá wá kò ní ẹlẹ́rìí kankan bí kò ṣe ìwé rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá orí omi ń wo ọkọ̀ tó ń sáré láìní nọ́ńbà lójú mìíràn, pàápàá nírú àsìkò yìí. Ilé iṣẹ́ ìbánigbófò pẹ̀lú, nọ́ńbà ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè.

Ará_Gwarinpa, ẹ fi àsìkò sí i. Omi máa ń ga jù ní Lọ́kọ́jà láti September sí October. Ẹ má dá ọjọ́ àyẹ̀wò sínú oṣù méjèèjì yẹn. Ẹ ka ìkìlọ̀ ọdọọdún ilé iṣẹ́ NIHSA lórí omíyalé. Ní March àti April, ìyanrìn ń yọ láàárín odò, ẹ́ńjìnnì 90 tó bá gún un yóò gbé ìyanrìn sínú ẹ̀rọ ìfami rẹ̀. Kainji ní tirẹ̀ yàtọ̀: ó máa ń fà jù ní nǹkan bíi July sí August. Láti 1968 tí wọ́n ti sé e, kùkùté igi ṣì wà lábẹ́ omi níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló sì ń gbá a lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò fura. Ẹ gba ọlọ́kọ̀ ibẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí afinimọ̀nà. NIWA kò fẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn lálẹ́, nítorí náà ẹ padà kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù.

Ará_Gwarinpa kọ:

Ẹ ṣé, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ti ní kó tẹ ìwé ẹ̀rí títà tuntun, mo sì ti béèrè táítù ẹ́ńjìnnì. Ṣé ohun kan wà tí kò sí nínú ìwé tí mo lè ní kí wọ́n fi sínú kọ̀nténà?

Ayẹ̀kọ̀wò_Lọ́kọ́jà kọ:

Pùròpẹ́là kejì tó bá ẹ́ńjìnnì yẹn mu, ẹ̀rọ ìfami inú ẹ́ńjìnnì méjì, àti ìdè ihò omi tó wà ní ìdí ọkọ̀, mẹ́ta. Ìdè yìí ni wọ́n ń tú kí omi òjò lè jáde bí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀. Kò ju ìka àtàǹpàkò lọ, bí ó bá sọnù ọkọ̀ yóò rì níwájú ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ so ọ̀kan mọ́ kọ́kọ́rọ́ ìdáná, kó má ṣeé ṣe láti tan ẹ́ńjìnnì láì rí i.